Akọ̀ròyìn Ni Basil Davidson: Kí Ló Burú Níbẹ̀?

Bí a bá dárúkọ Basil Davidson láàárín àwọn tó kàwé ìtàn, ọ̀rọ̀ méjì la sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní, "Akọ̀ròyìn lásán ni jàre, kò gboyè ìtàn kankan." Àwọn mìíràn á ní, "Òyìnbó ni. Kí ló kàn án nínú ìtàn wa?" A ti gbọ́ méjèèjì títí, ó ti sú wa. A fẹ́ dá wọn lóhùn, lẹ́yìn náà àwa náà ní ìbéèrè kan fún wọn.

Ìlú Bristol ni wọ́n bí Davidson sí lọ́dún 1914. Ọmọ ọdún 16 ló fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kò sì lọ yunifásítì. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ń lẹ ìwé ìpolówó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Díẹ̀díẹ̀ ló wọ iṣẹ́ ìròyìn, ó sì ṣojú The Economist ní Paris. Nígbà tí ogun Hitler dé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣiṣẹ́ abẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1943, wọ́n fi pàráṣúùtù já a sílẹ̀ ní Yugoslavia kó lè wà pẹ̀lú àwọn jagunjagun inú igbó tó ń bá Jámánì jà. Ogun parí, ó di aṣojú The Times ní Paris.

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Áfíríkà. Ìwé tó kọ nípa ìyà àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Áfíríkà jáde lọ́dún 1952, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ibẹ̀ sì ní kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ àwọn mọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn ì bá dúró nìyẹn: kí wọ́n ròyìn ìyà, kí wọ́n gbowó, kí wọ́n wá ìyà mìíràn lọ. Ti Davidson ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń jẹ níyà yìí, ta ni wọ́n jẹ́ kí ìyà tó dé? Ìbéèrè tí ìyókù iṣẹ́ ayé rẹ̀ dáhùn nìyẹn. Lọ́dún 1959, ó gbé Old Africa Rediscovered jáde, ìwé tó mú òǹkàwé dé Meroe, Kilwa, Zimbabwe, Bìní àti Ilé-Ifẹ̀. Lọ́dún 1961, Black Mother tẹ̀ lé e, lórí òwò ẹrú.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kò gboyè, ẹ gbọ́ ná. Lọ́dún 1963, Hugh Trevor-Roper, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Oxford, sọ ní gbangba pé kò sí ìtàn kan ní Áfíríkà àyàfi ti àwọn òyìnbó tó wá síbẹ̀. Ó ní òkùnkùn ni ìyókù. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1938 ni àwọn tó ń walẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, ti hú àwọn ère orí onídẹ jáde. Láti ọdún 1956 ni ìwé Kenneth Dike lórí òwò àti ìṣèlú ní ẹkùn Niger Delta ti wà níta, ti Sàbúrì Bíòbákú lórí àwọn Ẹ̀gbá sì jáde lọ́dún 1957. Oyè kún apá Trevor-Roper, kò rí wọn. Akọ̀ròyìn tí kò gboyè rí wọn. Davidson kọ́ ló walẹ̀, òun kọ́ ló wá àkọsílẹ̀ ìjọba wò ní iyàrá eléruku. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé ìmọ̀ náà kúrò lórí pẹpẹ, ó gbé e lọ sọ́jà, níbi tí ẹni tí kò mọ yunifásítì ti lè rà á. Ẹ má pe ìyẹn ní iṣẹ́ kékeré.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òyìnbó ni, ọ̀rọ̀ tiyín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Ìròyìn ò tó àfojúbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àfojúbà nìkan náà ò tó. Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1910, ó fojú rí iṣẹ́ ọwọ́ wa, ó sì so ó mọ́ Atlantis, ilẹ̀ tí wọ́n ní òkun gbé mì. Ó ti mú ìdáhùn bọ̀ láti ilé. Davidson ní tirẹ̀ jókòó ti àwọn onílé. Ìwé ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó kọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé lọ́dún 1965, òun àti F. K. Buah ará Ghana ni wọ́n jọ ṣe é, pẹ̀lú ìmọ̀ràn Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ó tún fẹsẹ̀ rin inú igbó Guinea-Bissau pẹ̀lú àwọn ajìjàgbara. Amílcar Cabral fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé tó tìdí ẹ̀ jáde lọ́dún 1969.

A ò ní kò lálèébù o. Ó fẹ́ràn àwọn ajìjàgbara yẹn débi pé kò tètè rí èérí ara wọn. Nígbà tí wọ́n dórí àlééfà, tí wọ́n di ìjọba ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, àwọn ìwé rẹ̀ àtijọ́ ò tíì kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1992, tó ti lé lẹ́ni ọdún 75, ó kọ The Black Man's Burden, ó sọ ọ́ kedere pé ìlànà ìjọba tí a yá lọ́wọ́ òyìnbó nígbà òmìnira ti di ẹrù tó ń tẹ̀ wá lọ́rùn. Mélòó nínú wa ló ń tún èrò ara rẹ̀ yẹ̀ wò lọ́jọ́ orí yẹn?

Ó yá, ìbéèrè tiwa nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ gboyè, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe òyìnbó, ìwé ìtàn wo lẹ kọ tí ìyá tó ń taṣọ ní Gbági lè kà lédè tirẹ̀? Ìgbéga lẹ̀ ń kọ̀wé fún, ẹ̀yin náà lẹ sì ń ka ara yín. Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, ẹ ti fi ogún ọdún ròyìn ìjà oyè. Ẹ dé ààfin, ẹ ya fọ́tò, ẹ gba àpòòwé, ó parí.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà ni Samuel Johnson tó parí ìtàn Yorùbá lọ́dún 1897, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1921. I. B. Akínyẹlé ò gboyè ìtàn kó tó tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní Yorùbá lọ́dún 1911. Ó sì padà jọba Ìbàdàn.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ìjọba tó ní kó padà. Àwọn tó ń fohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp ló wọ àlàfo náà: ìdílé yìí ló nilùú, àlejò ni ìdílé tọ̀hún. Lórí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ àdá síra wọn.

Davidson kú lọ́dún 2010, lẹ́ni ọdún 95. Kò jókòó de oyè kó tó kọ ìtàn wa. Kí àwa náà má jókòó de òyìnbó mìíràn.