Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé díẹ̀ ló kù kí n ná owó àjọ ìyàwó mi lórí ohun tí kò tó nǹkan.

Ọkọ̀ Toyota Corolla ti ọdún 2004 ni mo ní. Òun ló ń gbé mi lọ sílé ẹ̀kọ́, òun náà ló ń gbé ẹrù aṣọ Ìyá Ìbejì lọ sọ́jà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ti sítáàtì rẹ̀ báyìí, ńṣe ló ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí a bá dé òkè kékeré, a máa mí hẹlẹhẹlẹ. Iná kékeré tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì sì tàn níwájú mi.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi, àgbàlagbà tí mo bọ̀wọ̀ fún. Ó tẹ́tí sí i díẹ̀, ó mi orí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ́ńjìnnì yìí ti gbó. Ẹ lọ wá owó tòkúnbọ̀ míràn."

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn, ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa kó àjọ mi. Ẹ gbà á, kí ẹ fi tún ọkọ̀ ṣe." Owó tí yóò fi ra ọjà ọdún ni o! Ojú tì mí. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, fún mi ní ọjọ́ kan péré."

Mo wá ronú bí mo ti ń ṣe ní kíláàsì. Bí orin àwọn ọmọ kò bá dùn, n kì í lé gbogbo wọn jáde. N ó ní kí wọ́n kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí n ó fi mọ ẹni tí ohùn rẹ̀ ń ṣìnà.

Ẹ́ńjìnnì oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni ti ọkọ̀ mi. Ihò mẹ́rin ni epo ti ń jó nínú rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ihò kọ̀ọ̀kan ń fẹ́: epo àti afẹ́fẹ́ tó ṣe déédéé, iná tó ṣẹ́ lásìkò, àti kí afẹ́fẹ́ náà fún pọ̀ láìjò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 700 ní ìṣẹ́jú kan, ihò kọ̀ọ̀kan yóò jó ní ìgbà 350. Bí ọ̀kan bá sùn, àlàfo 350 ni yóò wà ní ìṣẹ́jú kan. Àlàfo yìí ló ń mú ọkọ̀ gbọ̀n.

Mo gbé ọkọ̀ sí ìta gbangba, nítorí pé èéfín ọkọ̀ nínú ilé títì a máa pani. Nínú Corolla yìí, púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ní kọ́ìlì tirẹ̀ lórí. Mo yọ wáyà kọ́ìlì kìíní, mo sítáàtì fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀: gbígbọ̀n náà pọ̀ sí i. Ó túmọ̀ sí pé ihò kìíní ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo pa á, mo dá wáyà padà. Mo ṣe ìkejì bẹ́ẹ̀: kò sí ìyàtọ̀ kankan! Ìkẹta àti ìkẹrin, gbígbọ̀n pọ̀ sí i. Ìkejì ni ọ̀lẹ.

Ṣùgbọ́n kí ló mú un sùn? Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo jẹ́ kó tutù, mo fi sípánà 10 tú kọ́ìlì kejì àti ìkẹta, mo pààrọ̀ ipò wọn. Mo tún dán an wò. Ìkejì ti jí, ìkẹta ló wá sùn! Kọ́ìlì ló gbé oorun lọ síbẹ̀. Bí oorun náà bá dúró sí ihò kejì ni, púlọ́ọ̀gì ni n ò bá pààrọ̀ tẹ̀lé e. Bí kò bá tún kúrò, a jẹ́ pé ẹnu tó ń tú epo sí ihò náà ló dí, tàbí afẹ́fẹ́ ń jò, ìyẹn sì di iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀ lè rí P0302 lójú rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ihò kejì kò jó dáadáa. Ihò ló dárúkọ o, kò sọ ohun tó fà á. Ẹ má tìtorí rẹ̀ sáré ra ohunkóhun.

Owó kọ́ìlì tuntun tí mo rà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìyàwó mi fi àjọ rẹ̀ ra ọjà.

N kò bá mẹkáníìkì jà. Mo gbé ọkọ̀ lọ kí ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ìkánjú ni. Ọkọ̀ mẹ́fà ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Ìkìlọ̀ mi rèé. Ẹ má fọwọ́ kan kọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì ló ń bẹ níbẹ̀. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá sì ń ṣẹ́jú lójú ọ̀nà, ẹ rọra yà sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ pa ọkọ̀. Epo tí kò jó ń lọ ba ohun olówó gọbọi jẹ́ nínú ẹ̀sọ́ọ̀sì.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ ra ẹ́ńjìnnì, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, "Ihò wo ni kò ṣiṣẹ́?" Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.