Iṣẹ́ Olórin Sinimá Kì í Ṣe Iṣẹ́ Òpè

Àwọn kan ń bẹ láti Marine Beach títí dé Ajégúnlẹ̀ tí wọn a máa wí pé òfò ni kí ọmọ ilé ìwé máa kọ́ nóòtì orin. Wọ́n ní ẹni tí yóò ṣe orin sí sinimá, kí ó ṣáà ra dùùrù oníná, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ bí ó ti wù ú. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ́, ó sì ń ṣe àwọn ọmọ wa ní ibi.

Ẹ wo Fẹlá Ṣówándé, ọmọ àlùfáà, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1905. Lọ́dọ̀ Ẹkúndayọ̀ Phillips, ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó, ni ó ti kọ́ dùùrù. Ní 1943 ó gba oyè Fellow ti Royal College of Organists ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìgbà ogun 1939 sí 1945, Colonial Film Unit, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe sinimá fún àwọn ará Áfíríkà, fi í ṣe olórí ètò orin. Bí òpè bá tó iṣẹ́ náà í ṣe, wọn ìbá ha fi í lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ bí?

Àwòrán 24 ní ń kọjá nínú sinimá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí orin bá ń lù nígbà 120 ní ìṣẹ́jú kan, àwòrán 12 ní ń bẹ láàrin lílù kan àti èkejì. Ẹni tí kò lè kà á, báwo ni orin rẹ̀ yóò ṣe bá ìgbà tí ilẹ̀kùn pa dé ṣe déédéé? Tiwa tilẹ̀ ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí dùndún ń sọ̀rọ̀. Bí a bá lù ú nígbà tí ìyá ń bá ọmọ rẹ̀ wí, ẹnu méjì di ọ̀kan, òǹwòran kò sì gbọ́ èyíkéyìí.

Wọn a ní, gàlálà kò ha ti Ajégúnlẹ̀ gbilẹ̀ láìsí nóòtì bí? Bẹ́ẹ̀ ni, a kò sì gàn án. Ṣùgbọ́n akọrin ń kọ ohun tí ó wà nínú ara rẹ̀. Olórin sinimá ń ru ìtàn ẹlòmíràn. Ẹ̀bùn lè tó fún ti ìṣáájú. Ti èkejì ń béèrè ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ náà kò sì gba ilé lọ́wọ́ ẹni: nínú African Suite tí Ṣówándé kọ ní 1944, orin háílàìfù ni ó fi parí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi wákàtí kan lọ́sẹ̀ kọ́ wọn ní nóòtì àti ìlù pọ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Orin wa pẹ̀lú wà nínú ilé náà.