Ta Ló Lè Di Akọ̀wé Ilé-iṣẹ́?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ìṣèlú tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, sọ fún ìyá rẹ̀ pé akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ni òun fẹ́ dà. Inú ẹ̀gbọ́n mi kò dùn rárá. Ó ní, "Ṣé kí o lè máa tẹ táípù fún ọ̀gá, kí o sì máa gbé tíì fún àlejò, ni mo ṣe rán ọ lọ sí yunifásítì?"

N kò dá a lẹ́bi. Ẹni tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá, akọ̀wé ẹgbẹ́, akọ̀wé kóòtù, akọ̀wé náà ni à ń pe gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ara àwọn ọ̀gá ni akọ̀wé ilé-iṣẹ́ wà. Òun ló ń ṣètò ìpàdé ìgbìmọ̀ olùdarí, tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn onípìn-ín, tó sì ń fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí àjọ CAC. Bí ìpàdé gbogbogbò bá ń bọ̀, òun ni yóò rí i pé ìwé ìpè jáde, ó kéré tán, ní ọjọ́ 21 ṣáájú.

Òfin CAMA ti ọdún 2020 ní, yàtọ̀ sí ilé-iṣẹ́ kéékèèké, dandan ni kí ilé-iṣẹ́ ní akọ̀wé. Ní ti ilé-iṣẹ́ ńlá tí aráàlú lè ra ìpín rẹ̀, ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ agbẹjọ́rò, tàbí ọmọ ẹgbẹ́ ICSAN, tàbí ọmọ ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó tí òfin mọ̀, tàbí ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọdún 3 nínú ọdún 5 tó kọjá. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé agbẹjọ́rò nìkan ni. Rárá o. Ọ̀nà ìdánwò ICSAN ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kò ka ìwé òfin. Èmi tí mo ka èdè Yorùbá pàápàá lè gbà á, bí ojú mi bá gba ìwé kíkà òru mọ́.

Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí kò ní kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé fún ènìyàn. Àwọn olùdarí lè fi wákàtí méjì jiyàn lórí ẹ̀yáwó kan. Akọ̀wé ni yóò sọ ọ́ di ìlà mẹ́ta: ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, àti ẹni tó lòdì sí i, láìfi iyọ̀ sí i. Bí alága bá ti fọwọ́ sí i, ẹ̀rí ni níwájú adájọ́. Ìdí nìyẹn tí olùdarí kan fi lè yọ́ wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀yáwó náà dojú rú pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ pé mo lòdì sí i." Akọ̀wé tí kò lè fi ọ̀wọ̀ sọ pé "Ó ti o, ọ̀gá" yóò dáràn. Òfin mọ̀ pé èyí lè bí ìbínú: ìgbìmọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kò lè déédéé lé akọ̀wé rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí i, kí wọ́n sọ ẹ̀sùn rẹ̀, kí wọ́n sì fún un, ó kéré tán, ní ọjọ́ iṣẹ́ 7 láti fèsì.

Mo ro gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ máa ń fún wọn ní mọ́tò.