Ìwúwo Ni Kí Olùrà Alùpùpù Kọ́kọ́ Wò

Àṣìṣe ńlá ni kí ẹni tó fẹ́ ra alùpùpù tí yóò gba ojú títì, tí yóò sì tún wọ ọ̀nà igbó, máa wo agbára ẹ́ńjìnnì nìkan. Nínú irú alùpùpù bẹ́ẹ̀, Honda CRF300L wúwo tó nǹkan bíi kílò 142. Kawasaki KLR650 lé ní kílò 200. Lóòótọ́, èyí tó wúwo máa ń fìdí múlẹ̀ dáadáa lójú títì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣubú nínú ẹrẹ̀, níbi tí kò sí olùrànlọ́wọ́, ta ni yóò gbé e dìde? Bí ó bá tẹ ẹsẹ̀ ẹni mọ́lẹ̀ ńkọ́? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Alùpùpù tí ènìyàn kò lè dá gbé dìde kì í ṣe ti ọ̀nà igbó.