Oògùn ni kó yá, kí ọ̀bẹ ṣì dúró ná

"Kí ló bí?" Ìbéèrè tí tẹbí tará máa ń bi agbẹ̀bí nìyẹn, kí ìyá ọmọ tó dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ní Douala, ìlú èbúté ńlá ilẹ̀ Kamẹrúùn, wọ́n máa ń fẹ́ kí ìdáhùn yá, torí pé akọ tàbí abo ni wọn ó kọ sínú ìwé ìbí. Àmọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ojú ara ọmọ kì í jẹ́ kí agbẹ̀bí rí nǹkan sọ.

Ọ̀kan wà nínú ohun tó ń fà á tó ń pa ọmọ. Bí ọmọ bá jogún jíìnì CYP21A2 tó ti bàjẹ́ gan-an lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lórí kíndìnrín rẹ̀ kò ní lè pèsè họ́mọ̀nù tó ń dá iyọ̀ dúró sára. Họ́mọ̀nù ọkùnrin ni yóò máa pọ̀ sí i dípò rẹ̀, débi pé ọmọbìnrin tó ní ilé ọmọ á wá sáyé pẹ̀lú ojú ara tó jọ ti ọkùnrin. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyọ̀ á máa bá ìtọ̀ lọ, ọmọ á máa bì, ara rẹ̀ á gbẹ. Ní ìlú tí ibà pọ̀ sí bíi Douala, ta ló máa kọ́kọ́ fura sí jíìnì? Ti ọmọkùnrin tilẹ̀ burú jù, torí ojú ara tirẹ̀ kì í fi àmì kankan hàn. Ní Amẹ́ríkà, gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń gba ẹ̀jẹ̀ ní gìgísẹ̀ ọmọ tuntun láti wá àìsàn yìí. Oògùn rẹ̀ kò ṣàjèjì: hydrocortisone àti fludrocortisone.

Ibí yìí ló yẹ ká ti kánjú. Ti iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń tún ojú ara ọmọ ṣe kí aládùúgbò má baà sọ̀rọ̀, kò kánjú rárá. Lọ́dún 1974, àwọn onímọ̀ ròyìn àwọn ọmọ kan ní Dominican Republic tí wọ́n tọ́ bí obìnrin, àmọ́ tí ohùn àti ara wọn di ti ọkùnrin nígbà tí wọ́n bàlágà. Jíìnì mìíràn ló fa tiwọn. Ká ní wọ́n ti gé nǹkan kan kúrò lára wọn ní ìkókó ńkọ́? Ìwé ìbí pàápàá kò kánjú: àtúnṣe òfin Kamẹrúùn lọ́dún 2011 fún òbí ní 90 ọjọ́ láti forúkọ ọmọ sílẹ̀. Nígbà náà, kí ni ìkánjú agbẹ̀bí?

Àyẹ̀wò jíìnì tó yẹ kó fi ohun tó fà á hàn gan-an ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Yúróòpù ló pọ̀ jù nínú àkójọ tí dókítà fi ń ṣe òdiwọ̀n, nítorí náà wọ́n lè rí ìyàtọ̀ kan lára ọmọ Douala kí wọ́n má mọ̀ bóyá òun ló fa ọ̀rọ̀ tàbí bí tiwa ṣe rí nìyẹn. Lọ́dún 2013 ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ẹ̀ka kúrómósómù Y tó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ wà lára àwọn ọkùnrin Mbo, tí ilẹ̀ wọn kò jìnnà sí Douala. Ìdí nìyí tí Ambroise Wonkam, ọmọ Kamẹrúùn tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nípa jíìnì, fi kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature lọ́dún 2021 pé kí wọ́n ka jíìnì mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Áfíríkà.

Ìyẹn á gba owó àti ọdún. Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó rí owó yẹn, ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn Laquintinie ní Douala àti ilé ìwòsàn àwọn ìyá àti ọmọ tó wà ní Yassa: kí oògùn méjèèjì wọ inú ètò ìnáwó, kí wọ́n sì máa gba ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ kí ìyá ọmọ tó relé.