Ká tó gun kẹ̀kẹ́ jáde nílùú, ẹ jẹ́ ká wọ inú ìlú ná

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gun kẹ̀kẹ́ rin ọ̀nà jíjìn láti fi kówó jọ fún àwọn aláìsàn, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀. Alẹ́ lẹ máa ń dé ìlú tẹ́ ẹ ti fẹ́ gbéra, tó bá di ìdájí, ẹ ti jáde ńbẹ̀. Lójú tèmi o, kò dáa tó. Ẹ fi ọjọ́ kan péré wo ìlú ná.

2/ Ẹ jẹ́ ká mú San Francisco. 1994 ni wọ́n kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀ lọ sí Los Angeles nítorí àwọn tó ní éèdì. AIDS/LifeCycle bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ó parí ní 2025. Ọjọ́ 7, máìlì 545. Ó ju Èkó sí Àbújá lọ!

3/ Àlejò tó bá débẹ̀, afárá Golden Gate ló máa sáré lọ ya fọ́tò sí. Kò burú, afárá yẹn rẹwà, láti 1937 ló ti wà ńbẹ̀. Àmọ́ àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran.

4/ Nínú Golden Gate Park, igbó kékeré kan wà tí wọ́n fi ń rántí àwọn tí éèdì pa. Wọ́n gbẹ́ orúkọ èèyàn sára òkúta nílẹ̀ ibẹ̀. Ẹ dúró, ẹ ka díẹ̀.

5/ Ọsíbítù ìjọba ìlú náà ló ṣí wọ́ọ̀dù 5B ní 1983 fún àwọn tó ní éèdì. Nígbà yẹn, ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn láti fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń dì wọ́n lọ́wọ́ mú, wọ́n ń dì mọ́ wọn.

6/ Ìlú yìí náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ ìrántí ńlá yẹn ní 1987. Abala kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 ní ìbú, 6 ní gígùn. Ìwọ̀n sàréè ni.

7/ Ẹnìkan á ní, "Ṣebí owó la fẹ́ kó jọ? Èwo ni ti ká máa yí ìlú ká?" Ó dáa. Owó á ra oògùn, àmọ́ owó ò lè lé ìtìjú lọ. Ẹnu ló ń lé e. Ẹni tí ò sì mọ nǹkan kan, kí ló fẹ́ fẹnu sọ?

8/ Ẹ wo ilé wa. Nígbà tí Fela kú ní 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olikoye Ransome-Kuti, dókítà tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, ló bọ́ síta sọ pé éèdì ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ gbọ́.

9/ Títí dòní, "àrùn kògbóògùn" la ṣì ń pè é. Lóòótọ́, oògùn tó wà kì í lé e kúrò lára pátápátá. Àmọ́ ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè pẹ́ láyé dáadáa, tí àyẹ̀wò ò bá sì rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ní kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Ẹni tó bá gbà pé kò gbóògùn, kí ló fẹ́ wá ṣàyẹ̀wò fún?

10/ Mo mọ̀ pé òtẹ́ẹ̀lì wọ́n, ẹ ò sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ ti rẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó gbéra. Ọjọ́ kan náà tó. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Wiggle, ó yẹ̀ fún òkè, ó sì já sí ọ̀nà Golden Gate Park. Ẹ ó tún fi mọ̀ bóyá bíréèkì yín ṣì ń mú lẹ́yìn tó ti bọ́ nínú bàálù.

11/ Ìlú yòówù kó jẹ́, ìbéèrè kan náà ni: àwọn tí mo fẹ́ làágùn fún yìí, ibo ni wọ́n wà níbí? Ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá gun kẹ̀kẹ́ yín.