Kí A Tó Sọ Ẹni Tí Yóò Borí

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà. Bí oṣù kọkànlá bá ti ń lọ sópin, ariwo kan náà la máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn: ìdíje Yunifásítì Ohio State àti Yunifásítì Michigan. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa o. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, tí wọ́n ń fèjìká kọlu ara wọn ni. Ọdún 1897 ni ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì kọ́kọ́ pàdé, pápá kọ̀ọ̀kan wọn sì ń gba èrò tó lé ní 100,000. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n pàdé, gbogbo olólùfẹ́ wọn a di wòlíì.

Ní ọdún 2024, àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Columbus, ìlú Ohio State, pè mí lórí tẹlifóònù. Ó ní, "Bùọ̀dá, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀rù àwọn ará Michigan ló ń bà mí fún wọn." Òun nìkan kọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Nínú eré 11, Ohio State ti borí nínú 10. Michigan borí nínú 6 péré. Àwọn onítẹ́tẹ́ ní nǹkan bí àmì 20 ni Ohio State yóò fi ta wọ́n yọ. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá, Michigan ní 13, Ohio State ní 10, nínú ilé Ohio State gan-an! Ó ku ìṣẹ́jú àáyá 45 kí eré parí nígbà tí Michigan gbá èyí tó gbà á fún wọn. Odidi ọjọ́ méjì ni àbúrò mi kò fi gbé tẹlifóònù.

Níbo ni ìṣirò wọn ti wọ́? Orúkọ ni wọ́n kà. Wọ́n ka ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, wọ́n ka àwọn tó ń sá gbà á lókè. Wọn kò ka àwọn ọkùnrin gìrìwò márùn-ún tó máa ń tò síwájú, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n fi ara wọn dí ọ̀nà kí ẹlòmíràn lè rí àyè sá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sábà fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, èrò ìwòran kì í sì í kọrin orúkọ wọn. Bẹ́ẹ̀, méjì pàtàkì nínú wọn ti ṣèṣe. Josh Simmons ṣèṣe lórúnkún nígbà tí wọ́n bá Oregon ṣeré ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá. Seth McLaughlin, ẹni àárín, já iṣan gìgísẹ̀ níbi ìdánrawò nínú oṣù kọkànlá. Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn dé, àwọn asáré Ohio State ń wá ojú ọ̀nà, wọn kò rí i.

Mi ò ní ìyẹn nìkan ló fa á. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù méjì tì, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sì jù ú sọ́wọ́ ọ̀tá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹgbẹ́ kan náà ló sì gba ife ẹ̀yẹ gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní, ọdún 2025. Ohun tí mò ń wí ni pé ẹni tí kò bá ka àwọn tó ń ru ẹrù, ìṣirò rẹ̀ kò tíì pé.

Ibi tó ti kàn wá rèé o. Bí orúnkún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́? Ohun tí àwọn ọmọ Yunifásítì Northwestern béèrè ní ọdún 2014 nìyẹn, nígbà tí Kain Colter ṣáájú wọn láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ irin, United Steelworkers, sì tì wọ́n lẹ́yìn. Ọ̀gá kan nínú ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wò ó, ó rí i pé wákàtí 40 sí 50 ni wọ́n ń lò lọ́sẹ̀ nígbà eré, ó ní òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, ìgbìmọ̀ àgbà ní àwọn kò ní dá sí i. Títí ayé, ẹnikẹ́ni kò ka ìbò náà.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣebí wọ́n ti ń gba owó báyìí?" Òótọ́ ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, adájọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tó gba ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan láyè láti pín tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún àwọn eléré rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà kò sọ wọ́n di òṣìṣẹ́ tó lè jókòó bá ọ̀gá dúnàádúrà. Owó dé, àga kò dé ibi tábìlì. Àwa tí a ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sì mọ̀ pé owó tí a kò bá ọ lóhùn sí, ẹni tó fún ọ lè dín in kù lọ́la.

Nítorí náà, nígbà tí ìdíje mìíràn bá ń bọ̀, tí àwọn ọmọ yín bá pè láti sọ ẹni tí yóò borí, ẹ bi wọ́n pé: ta ló wà ní ìlà iwájú? Mélòó ló ń tiro nínú wọn? Ẹ má sì torí àsọtẹ́lẹ̀ ẹnikẹ́ni gbé owó oṣù yín lé tẹ́tẹ́. Lẹ́yìn náà, kí a padà wo ẹ̀ka tiwa. Àwọn wo ló wà ní ìlà iwájú níbí tí a kì í pe orúkọ wọn nípàdé? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ ká ka gbogbo ọwọ́.